Orlando ní oṣù kẹjọ pẹ̀lú ọmọ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún: ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Àbíkẹ́yìn (Peckham)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á.

Ọmọbìnrin mi kékeré pé ọmọ ọdún méje ní oṣù kẹta. Tetralogy of Fallot, àbùkù ọkàn kan, ni wọ́n bí mọ́ ọn. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni nígbà tí wọ́n là á láyà, tí wọ́n dí ihò inú ọkàn rẹ̀, tí wọ́n sì la ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Tẹ́ ẹ bá rí i lónìí, ẹ ò ní mọ̀. Ó ń sáré, ó ń jó, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n fáàfù (ìlẹ̀kùn ẹ̀jẹ̀) tó wà lọ́nà ẹ̀dọ̀fóró yẹn ń jò, ó sì máa ń tètè rẹ̀ ẹ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún là ń rí dókítà ọkàn. Kò lo oògùn kankan.

Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Houston ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo wa: ọgbà ìṣeré Disney ní Orlando, ọjọ́ mẹ́rin, oṣù kẹjọ. Èmi, ọkọ mi, ọmọ méjì, ìyá ọkọ mi tó ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, àti àwọn ará Houston márùn-ún. Láti Kérésìmesì làwọn ọmọ ti ń wo fídíò roller coaster, ọkọ̀ ìṣeré tó ń sáré lókè lódò. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé gíga ọmọ mi ti tó láti gùn ún. Ó ti tó 118 sẹ̀ǹtímítà, 112 sì ni Space Mountain, ọ̀kan nínú wọn, ń béèrè. Wọn ò ní lé e padà lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò ọkọ mi ní, "Ṣebí wọ́n ti tún un ṣe, kí ló tún kù?" Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀ tí wọn ò ní pè mí ní abayéjẹ́.

Ẹni tó bá ti lọ rí, ẹ sọ fún mi: ìlà ńkọ́? Ooru ńkọ́? Wákàtí mẹ́sàn-án nínú ọkọ̀ òfuurufú ńkọ́? Ẹ má sọ pé kí n máa gbàdúrà, mo ti ń gbà á.

Màmá Ìbejì (Dallas)

Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá wa. DAS ni kẹ́ ẹ gbà, ètò Disney fún àwọn tí àìlera kò jẹ́ kí wọ́n lè tò. Tẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Guest Relations, ẹ ní ọmọ ní àìsàn ọkàn, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, ó parí. A gbà á fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́dún 2019. A ò tò rárá.

Ará Kissimmee

Màmá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ 2019 nìyẹn. Wọ́n ti yí i padà láti 2024. Àwọn tí àìlera ìdàgbàsókè bí autism tàbí irú rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró pẹ́ lórí ìlà ni DAS wà fún báyìí, orí fídíò sì ni wọ́n ti ń bá yín sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ má fọkàn tẹ̀ ẹ́ tó bá jẹ́ àìsàn ọkàn nìkan ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ fi autism bojú: wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ẹni tí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́ kò ní lè wọ ọgbà Disney mọ́ láé. Àti pé nígbà yẹn pàápàá, àkókò ìpadàbọ̀ ni wọ́n ń fún ènìyàn. Ẹ máa ń lọ jókòó síbòmíì títí yóò fi tó ni.

Ohun méjì tó máa wúlò fún yín nìyí. Àkọ́kọ́, Rider Switch. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ pé ọmọ kan ò ní gùn ún. Àwọn kan á gùn, àgbà kan á dúró ti ọmọ. Táwọn yẹn bá sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó dúró á wọlé láì tún tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ìkejì, Lightning Lane, ìlà kúkúrú tó ń yá ju ti gbogbo ènìyàn lọ, owó nìyẹn, iye rẹ̀ sì ń yí láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ẹni tó bá dé sí hòtẹ́ẹ̀lì Disney lè yan tirẹ̀ ní ọjọ́ méje ṣáájú, ẹni tó bá dé síta, ọjọ́ mẹ́ta. Èmi á sanwó rẹ̀ fún ọjọ́ Magic Kingdom, mi ò ní san án fún Animal Kingdom (ọgbà Disney ni méjèèjì).

Oṣù kẹjọ ńkọ́? Èmi tí mò ń gbé ní Kissimmee, nítòsí Disney, kì í jáde lọ́sàn-án. Ooru ibẹ̀ kì í gbẹ bíi ti àríwá Nàìjíríà, ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ tútù bo ènìyàn nímú. Àrá a sì máa sán lọ́pọ̀ ọ̀sán, wọ́n á ti àwọn ẹ̀rọ ìta pa.

Alhaja Ọjà Ọba (Ìbàdàn)

Ẹ má bínú o, ọmọ mi, àgbà ló ń sọ̀rọ̀. Ta ló rán yín níṣẹ́? Ọmọ tí wọ́n là láyà, tí Ọlọ́run yọ, ẹ tún fẹ́ lọ gbé e sínú ohun tó ń dorí ènìyàn kodò. Ẹ gbé e lọ sétí òkun kó fẹsẹ̀ tẹ yanrìn, kó jẹ súyà, kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé.

Bàbá Ọmọ Fontan (Manchester)

Alhaja, ẹ ṣeun, ẹ̀rù ìyá ló ń bà yín. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí mọ̀ tí wọ́n bá ń fi nǹkan du àwọn.

Ọmọkùnrin mi, ọdún mẹ́sàn-án, apá kan ọkàn rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ abẹ mẹ́ta, èyí tó kẹ́yìn ni Fontan, tó jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ láti ara máa lọ tààrà sí ẹ̀dọ̀fóró láì gba inú ọkàn. Warfarin ló ń lò kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má dì, ó sì ń lo furosemide, oògùn tó ń mú kí omi ara jáde nínú ìtọ̀. A lọ ní oṣù kejì 2023, a sì gbádùn ẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹ̀rọ kọ́ ló máa rẹ ọmọ yín, ìrìn ni. Àwọn ènìyàn ń wo fídíò roller coaster, kò sẹ́ni tó ń ya fídíò ìrìn láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ ó gbé mótò sílẹ̀, ẹ ó wọ monorail tàbí ọkọ̀ ojú omi kẹ́ ẹ tó rí Magic Kingdom rárá. Ní EPCOT, ọgbà Disney mìíràn, àyíká adágún tí wọ́n kọ́ ìlú mọ́kànlá sí tó nǹkan bíi kìlómítà méjì. Kẹ́ ẹ gba kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ó ti tóbi jù? Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n so àmì pupa mọ́ ọn ní Guest Relations, àmì yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n kà á sí àga onítáyà, ẹ ó lè tì í wọ inú ìlà. Láìsí i, ìta lẹ máa fi kẹ̀kẹ́ sí, ọmọ á sì fẹsẹ̀ rẹ̀ tò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wo ọmọ mi nínú kẹ̀kẹ́ ó ní, "Ṣé kò lè rìn ni?" Mo kí i, mo kọjá.

Omi: gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ kíá tó ní ẹ̀rọ mínírà máa ń fún yín ní ife omi yìnyín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má ra omi níbẹ̀. Ẹ fún ọmọ lómi kó tó béèrè.

Àwọn tó gùn: small world, Peter Pan, Jungle Cruise, Dumbo, ó gun Dumbo títí ojú fi ń tì mí. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gun ohunkóhun tó ń já ènìyàn síhìn-ín sọ́hùn-ún, nítorí warfarin: tó bá forí gbá irin, ẹ̀jẹ̀ lè máa sun nínú orí. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló kù fún wa lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n sì tó.

Lọ́jọ́ kan tí ooru mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo fo furosemide rẹ̀ kí omi má bàa tán lára rẹ̀. Ó dára, kò sí wàhálà.

Nọ́ọ̀sì Òru (Leeds)

Bàbá, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló dára àfi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kà á kó lọ ṣe é. Ohun tó wà lọ́kàn yín kì í ṣe àìmọ̀kan: ọmọ Fontan tí omi bá tán lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè padà sí ẹ̀dọ̀fóró bó ṣe yẹ, furosemide á sì mú un burú sí i. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá fò láìgbàṣẹ náà lè kó omi jọ síkùn àti ẹsẹ̀. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé lẹ máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀: "Tó bá bì lẹ́ẹ̀mejì, kí ni ká ṣe sí oògùn? Tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru ńkọ́?" Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀.

Ìyá Àbíkẹ́yìn, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì ọmọ yín, ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ sì lọ bi wọn. Èsì tẹ́ ẹ máa fún àbúrò ọkọ yín rèé: wọ́n tún un ṣe, wọn ò pààrọ̀ rẹ̀. Fáàfù tó ń jò ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa padà sẹ́yìn, apá ọ̀tún ọkàn á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àpá iṣẹ́ abẹ sì wà lára ẹran ọkàn. Ìdí nìyẹn tí ìlù ọkàn ẹlòmíràn fi máa ń ṣì lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Fallot ló ń gun ohun gbogbo, àwọn kan ò gbọdọ̀ gùn. Mi ò mọ èyí tí tiyín jẹ́, àbúrò ọkọ yín náà ò mọ̀. Ẹ béèrè: ìgbà wo ni wọ́n so ẹ̀rọ wákàtí 24 mọ́ ọn láyà kẹ́yìn? Ṣé wọ́n ti ṣe MRI, àwòrán inú ọkàn? Ẹ má béèrè pé "ṣé ó lè gun roller coaster", ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́.

Ẹ gba lẹ́tà, ẹ sì ya fọ́tò ECG rẹ̀ (ìlà ìlù ọkàn tí ẹ̀rọ ń yà) sórí fóònù. Èyí ṣe pàtàkì. ECG ọmọ tí wọ́n tún Fallot rẹ̀ ṣe kì í sábà rí bíi ti ọmọ mìíràn, dókítà tí kò rí i rí lè rò pé nǹkan tuntun ló ṣẹlẹ̀.

Nípa àwọ̀ ara: ìwé yóò sọ fún yín pé kẹ́ ẹ wò ó bóyá ojú rẹ̀ di àwọ̀ aró. Àwọ̀ tiwa kì í fi ìyẹn hàn dáadáa. Ahọ́n, inú ètè, èrìgì àti ìdí èékánná ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ wò wọ́n nílé nígbà tí ara rẹ̀ dá, kẹ́ ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe máa ń rí.

Ọkọ̀ òfuurufú: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fúyẹ́ bíi ti orí òkè tó ga tó 2,000 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 97 tàbí 98 nínú ọgọ́rùn-ún nílẹ̀ kì í sábà ní wàhálà. Irú ọmọ Bàbá ni wọ́n máa ń dán wò kó tó wọkọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Tó bá ti ń mí gúlegúle, ẹ ní kó lóṣòó, kó káwọ́ mọ́ orúnkún. Ọmọ bọ̀dá mi tó ní Fallot máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ á sì balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Òru (Leeds)

Ọmọ Ẹ̀gbá, ti ọmọ tí wọn ò tíì ṣiṣẹ́ abẹ fún nìyẹn, ó sì wúlò fún wọn gan-an. Èyí tí wọ́n ti ṣe fún, tó bá dédé ń mí gúlegúle, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì tàbí tó dákú, ẹ pe 911. Ẹ má dúró wo ìlóṣòó.

Ewúro Loyin (Croydon)

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un fún àwọn tó máa kà á lẹ́yìn ọ̀la, torí kì í ṣe gbogbo àìsàn ọkàn ló ní àpá láyà. Ọmọ mi ní long QT. Ihò ò sí, fáàfù ò jò. Iná tó ń darí ìlù ọkàn rẹ̀ ni kì í tètè padà sípò. Àwọn kan nínú wọn, eré sísá àti omi wíwẹ̀ ló ń dá wọn láàmú. Àwọn mìíràn, ariwo òjijì. Tèmi jẹ́ ti ariwo. Nítorí náà, ẹ̀rọ kọ́ ni wàhálà wa tó tóbi jù, iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run lálẹ́ ni. A kì í dúró de ìyẹn. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ a ti ń lọ. Gbogbo roller coaster ni wọ́n kà léèwọ̀ fún un.

Propranolol rẹ̀, oògùn ìlù ọkàn, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni. Orlando fi wákàtí márùn-ún kẹ́yìn Lọ́ńdọ̀nù, aago mẹ́jọ àárọ̀ wa jẹ́ aago mẹ́ta òru tiwọn. Olùtajà oògùn ló bá wa ṣètò ẹ̀, a ń sún un ní wákàtí kan lójoojúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún ká tó lọ. Inú báàgì ọwọ́ ni oògùn ń gbé, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà. Kò sínú ẹrù tó lè ṣọnù. Oògùn olómi tó ju 100 ml lọ kò burú tí lẹ́tà bá wà.

Èyí tí àwọn ènìyàn kì í mọ̀: tí ọmọ bá bì, dókítà lè fún un ní ondansetron. Ọmọ long QT kò gbọdọ̀ kàn mu ún bẹ́ẹ̀, ó lè da ìlù ọkàn rẹ̀ rú. Erythromycin, oògùn apakòkòrò, ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Tẹ́ ẹ bá sì ń lọ sílé, chloroquine àti halofantrine, oògùn ibà, wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ wọn sínú ìwé kan. Kẹ́ ẹ tún béèrè ibi tí AED wà, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná jí ọkàn tó dúró.

Ará Slough

Kí ló dé tẹ́ ò kọ́kọ́ dán ẹsẹ̀ rẹ̀ wò nítòsí? Legoland, ọgbà ìṣeré, wà ní Windsor níbí, ọmọ ọdún méjì sí méjìlá ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ lo ọjọ́ kan, ẹ wo aago tó rẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní Ride Access Pass fún ẹni tí kò lè tò, ṣùgbọ́n Access Card, káàdì aláìlera ti ilé iṣẹ́ Nimbus, ni wọ́n ń wò, ẹ kọ̀wé béèrè rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, kì í ṣe ẹnu géètì lẹ ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ará Kissimmee

Àbá dáadáa. Ẹ sì fi sọ́kàn pé ìwọ̀n ooru Windsor kọ́ ni ti ibí.

Ìyá Àbíkẹ́yìn, ṣé ẹ mọ Give Kids The World tó wà ládùúgbò mi níbí? Abúlé kan ni wọ́n ṣí ní 1989 fún àwọn ọmọ tí àìsàn ńlá ń ṣe àti ẹbí wọn. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń mú ìfẹ́ ọkàn ọmọ ṣẹ ló ń rán wọn wá.

Ìyá Àbíkẹ́yìn (Peckham)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọmọ mi kò sí lára àwọn tó fẹ́ kú.

Ará Kissimmee

Ohun tí mo ní lọ́kàn kọ́ nìyẹn, ẹ má bínú. Mo ti rí ọmọ tó wá ibẹ̀ tó ti di ìyàwó ilé lónìí. Àmọ́ mo gbọ́ yín.

Bàbá Ọmọ Fontan (Manchester)

Mo ti gba ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì. Mo bi wọ́n ní kílíníìkì, wọ́n bá mi wí bí ọmọ iléèwé, wọ́n sì kọ ètò fún wa.

Ìyá Àbíkẹ́yìn (Peckham)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo pe nọ́ọ̀sì ọkàn tó ń tọ́jú wa, mo kọ orúkọ ẹ̀rọ mọ́kànlá ránṣẹ́ bẹ́ ẹ ṣe wí. Wọ́n so ẹ̀rọ wákàtí 24 mọ́ ọn, ó mọ́. MRI kù di oṣù kẹwàá. Dókítà ní títí MRI á fi jáde, kò sí Space Mountain, kò sí Expedition Everest, kò sí Tower of Terror. Ó ní Seven Dwarfs Mine Train kò burú, lẹ́ẹ̀kan, láàárọ̀ kí ooru tó mú.

Ṣùgbọ́n mo lọ wo àkọlé ìkìlọ̀ Mine Train fúnra mi. Ó ní ẹni tó ní ìṣòro ọkàn kò gbọdọ̀ gùn ún. Ta ni mo máa gbọ́?

Bàbá Ọmọ Fontan (Manchester)

Àkọlé. Àwọn tó kọ́ ẹ̀rọ ló kọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Òru (Leeds)

Èmi ò gbà. Àwọn tó kọ àkọlé kò mọ ọmọ kankan, bàbá ọlọ́dún 70 tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru àti ọmọ ọdún méje ni wọ́n jọ kọ ọ́ fún. Dókítà tó ti rí àwòrán ọkàn rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó wà lákọsílẹ̀, torí ìbánigbófò.

Ewúro Loyin (Croydon)

Ẹ̀n-ẹ́n, ìbánigbófò! Ẹ ti rà á? GHIC, káàdì ìtọ́jú ìlera tá a ń mú rìnrìn àjò láti UK, kò ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, NHS (ètò ìlera ìjọba UK) kò sì ní san kọ́bọ̀. Ẹ sọ gbogbo àìsàn náà fún wọn, títí kan fáàfù tó ń jò àti MRI tó kù. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀kan pamọ́, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó. Bí wọ́n bá dá yín lóhùn pé àwọn ò ṣe ti àìsàn ọkàn, MoneyHelper, iléeṣẹ́ ìmọ̀ràn owó ti ìjọba UK, ní àkójọ àwọn tó ń ṣe é. Mo sanwó gọbọi, ṣùgbọ́n mo sùn.

Ìyá Àbíkẹ́yìn (Peckham)

Ẹ̀yin ènìyàn mi, a ti dé láti ọjọ́ Àìkú.

A máa ń wọlé bí wọ́n bá ti ṣí géètì, aago méjìlá a ti padà sí hòtẹ́ẹ̀lì, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ a tún lọ. Ó gun Mine Train lẹ́ẹ̀kan. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kò tó nǹkan kan. Nígbà tí àwọn yòókù lọ sí Space Mountain, èmi àti òun la dúró, ó sì sunkún. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó sunkún gan-an, kò gba ice cream. Àbúrò ọkọ mi jáde, kò sọ nǹkan kan, ó kàn di ọrùn mú. Láti ìgbà yẹn kò bá mi jiyàn mọ́.

Ọjọ́ kẹta la jìyà: a pẹ́ kúrò, oòrùn ti kan àtàrí, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo wo ahọ́n, ó pọ́n dáadáa. A lọ sí First Aid, ẹ̀gbẹ́ ilé oúnjẹ Crystal Palace ló wà, nọ́ọ̀sì wọn fún un ní bẹ́ẹ̀dì àti omi yìnyín, ó wọn ọ́síjìn rẹ̀, 97. Lẹ́yìn náà a wọ Carousel of Progress, ìjókòó ni, inú ibẹ̀ tutù, ó tó ogún ìṣẹ́jú. Ó sùn. Ìyá ọkọ mi náà sùn.

Ìyá ọkọ mi kò gbà kí n gbé ọmọ sínú kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kìíní, ó ní mo ń fi àìsàn pè é. Lọ́jọ́ kejì ó ní ká bá òun wá àga onítáyà.

Alhaja Ọjà Ọba (Ìbàdàn)

Ọlọ́run ṣeun. Ẹ ò jẹ súyà?

Ìyá Àbíkẹ́yìn (Peckham)

Alhaja, a jẹ ẹ́ nílé àwọn ará Houston.

Àpò onítútù tí mo rà wà nílé, kò bàjẹ́, mo fi tọ́jú omi àti aṣọ tútù. Ewúro Loyin, tẹ́ ẹ bá tún ń lọ, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, mo lè gbé e pàdé yín ní East Croydon lọ́jọ́ Sátidé.